Ìfẹ́ Ìlú Ẹni Lọ́kàn Ará Àjò: Ohun Tó Hàn Lágbègbè Atakpamé

Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí agbègbè tí wọ́n bí i sí kì í dópin lọ́jọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn tó bá ti débi tó ń lọ tán ni ìfẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń fara hàn. Ẹni tó wà nílé kì í ka òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í fetí sí bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀. Ìgbà tó bá dé ibi tí ìkíni ti yàtọ̀, tí ọbẹ̀ ti yàtọ̀, tí wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pè, ni yóò mọ̀ pé ohun kan wà tí òun fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1688, ọ̀dọ́ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Johannes Hofer kọ ìwé kan ní ìlú Basel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ó sì ka àárò ilé sí àìsàn gidi. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn yìí bá mú lójú àjò kì í lè sùn, oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ, ara wọn a sì máa rù. Ìtọ́jú tó gbẹ́kẹ̀ lé jùlọ ni kí wọ́n dá aláìsàn náà padà sílé. Àwọn onímọ̀ òde òní kò pe àárò ilé ní àìsàn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti gbé ìlú òkèèrè rí tí yóò sọ pé irọ́ ni Hofer pa.

Síbẹ̀, àárò nìkan kọ́ ni ìfẹ́ ìlú ẹni. Àárò a máa wá, a sì máa lọ. Ohun tó ń mú ìfẹ́ náà pẹ́ láti ìran dé ìran ni iṣẹ́ tí àwọn ará àjò ń ṣe láti dì í mú: bíbọ̀ wálé lásìkò ọdún, ilé kíkọ́, òkú sísin, owó dídá, àti èdè tí òbí fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pa àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tì, ìfẹ́ náà kì í ju ìran kan tàbí méjì lọ. Agbègbè Atakpamé, ní àárín gbùngbùn Tógò, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ibòmíràn wá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ náà sì ti gba ibòmíràn lọ.

Atakpamé wà ní nǹkan bíi kìlómítà 160 sí àríwá Lomé, lójú ọ̀nà ńlá tó la Tógò kọjá láti etí òkun lọ sókè. Ìlú olókè ni. Ilé wà lórí òkè, ilé wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀nà sì ń lọ́ kiri láàárín wọn. Òun ni olú ìlú ẹkùn Plateaux. Gnagna, Djama àti Woudou wà lára àwọn àdúgbò rẹ̀ àtijọ́. Àwọn Ewe wà níbẹ̀, àwọn Akposso wà lórí òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, àwọn Kabiyè sì pọ̀ ní àríwá àti ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan olùgbọ́ Yorùbá jùlọ ni àwọn tí aládùúgbò wọn ń pè ní Ana, tí àwọn fúnra wọn sì ń pe ara wọn ní Ifẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ènìyàn yìí sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Bí ènìyàn bá fa ìlà tààrà lórí àwòrán ilẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ dé Atakpamé, ìlà náà yóò lé ní kìlómítà 350, yóò sì ré ibodè méjì kọjá, ti Nàìjíríà pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀ àti ti Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú Tógò. Ìrìn náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ìpele ìpele ni wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n tún ń tẹ̀ síwájú. Àwọn ìbátan wọn ṣì wà káàkiri ojú ọ̀nà. Ní Tchetti, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èdè Ifẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Àdéhùn tí Faransé àti Jámánì ṣe ní ọdún 1897 ló fi ààlà sáàárín Tchetti àti Atakpamé. Àwọn tó fa ààlà náà kò bi àwọn ará Ifẹ̀ léèrè.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí kúrò ní ibì kan máa ń gba orúkọ ibi tuntun tí wọ́n tẹ̀dó sí, tàbí orúkọ aṣáájú tó kó wọn dé ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí mú orúkọ ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ ara wọn àti ti èdè wọn. Ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ tí kò tíì rí Ilé-Ifẹ̀ rí, tí kò sì ní ìbátan kan tó mọ̀ níbẹ̀, ṣì ń dá ènìyàn lóhùn pé ọmọ Ifẹ̀ ni òun. Kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ padà síbẹ̀ lọ gbé. Atakpamé tàbí abúlé tó wà láyìíká rẹ̀ ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni oko rẹ̀ àti ibojì baba rẹ̀ wà. Ilé-Ifẹ̀ ni orísun. Ìfẹ́ méjèèjì ń gbé pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ láìjà.

Ogun wà lára ohun tó mú kí ilẹ̀ olókè yìí di ilé lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ní ọdún 1764, lágbègbè Atakpamé, àwọn ọmọ ogun Àṣáńtì pàdé ogun Dàhọ̀mì tí Ọ̀yọ́ ń tì lẹ́yìn, ogun Dàhọ̀mì sì ṣẹ́gun wọn. Ní ọ̀rúndún 19, Dàhọ̀mì tún yí ojú ogun sí Atakpamé fúnra rẹ̀, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú níbẹ̀. Àárín òkè ni àwọn tó bá bọ́ ti ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ìlú tí ènìyàn ti forí pamọ́ sí nígbà ogun kì í ṣòro láti fẹ́ràn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lẹ́yìn ogun a sì máa gbọ́ ìtàn náà dàgbà.

Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni ìrìn àjò kúrò ní Atakpamé ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ jọba lé Tógò lórí, láti ọdún 1884. Wọ́n fẹ́ òwú, nítorí náà wọ́n ṣe ọ̀nà rélùwéè láti Lomé dé Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé, ní ọdún 1911. Ọkọ̀ tó ń gbé òwú lọ sí etí òkun ń gbé ènìyàn lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, Faransé gba ilẹ̀ náà, owó orí sì wúwo, iṣẹ́ tipátipá pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Tógò sọdá sí Gold Coast, tó di Gánà lónìí, láti lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ náà di ohun tó ń kó ọmọ lọ. Lóòótọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Atakpamé láti ọdún 1968, àwọn ọmọ ibòmíràn sì ń wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kàwé ní yunifásítì, tàbí tó fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì, Lomé ló máa ń lọ. Àwọn mìíràn kọjá sí Cotonou, Èkó, Accra, Abidjan, Libreville, títí dé Faransé àti Jámánì.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ohun tó ń dá wọn padà, ọdún iṣu ló gba iwájú. Lẹ́tà Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Tógò, Odon-Itsu, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí iṣu tuntun bá ti jáde, gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ní agbègbè Ogou, Anié àti Est-Mono ló sì ni ín. Àwọn tó ń tẹ̀lé àṣà kì í fi ẹnu kan iṣu tuntun kí àwọn àgbà tó ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ dá àwọn tó ti lọ àti ilẹ̀ tó mú iṣu náà jáde lọ́lá. Lẹ́yìn náà ni odó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti agbo ilé dé agbo ilé.

Oṣù kẹjọ náà bọ́ sí àsìkò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, èyí sì ń ran ọdún náà lọ́wọ́ púpọ̀. Òbí tó wà ní Lomé lè kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wálé. Ọmọ tí wọ́n bí sí etí òkun yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà tí ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀ lórí tẹlifóònù. Wọn yóò fi ojú oko ìdílé hàn án, wọn yóò sì sọ fún un ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò nínú àwọn tó yí i ká. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó a máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjà ilẹ̀ tó ti pẹ́ a máa rí onílàjà, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ a sì ṣe ìpàdé lórí ohun tí wọ́n fẹ́ dáwó sí, ìbáà jẹ́ kànga, iyàrá ìkàwé tàbí ilé ìgbẹ̀bí.

Iṣu kò wọ́n ní ọjà Lomé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán, tí àwọn ará Tógò ń pè ní fùfú, kò ní láti wọkọ̀ kìlómítà 160 nítorí rẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́jà ni àgbà ìdílé tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣu náà, tí yóò sì dárúkọ àwọn tó ti kú. Ìdí nìyí tí ọdún iṣu fi lágbára ju ọ̀pọ̀ àjọ̀dún tí ìjọba ń dá sílẹ̀ lọ: kò ṣeé ṣe níbòmíràn kó sì pé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ifẹ̀ tó wà lókè òkun máa ń kóra jọ láti jẹun pọ̀ lásìkò náà, wọ́n mọ̀ pé ìrántí ọdún ni àwọn ń ṣe, ọdún gan-an wà nílé.

Ilé kíkọ́ ni ohun kejì, òun náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣẹ náà kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Tógò, ó sì kan àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin lọ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. S. Eades, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá àríwá Gánà, gbé ìtàn wọn jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1993. Àwọn mìíràn nínú wọn ti lo ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ọdún ní Gánà, àwọn ọmọ wọn kò mọ ibòmíràn. Ẹni tó ti kọ́lé sílé rí ibi wọ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ fún iyàrá kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà àti Tógò sì kún ojú ọ̀nà etí òkun. Ẹni tó bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lójú kò ní bi ará àjò léèrè ìdí tó fi ń kọ́ ilé olókùúta sí abúlé tí kò gbé.

Òkú sísin lágbára ju ilé lọ. Bí agbára ìdílé bá ká a, ọ̀nà ilé ni wọ́n máa ń gbé òkú gbà, bí kò bá sì ká a, wọn yóò ṣe ètùtù àti ìnáwó rẹ̀ sílé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n sin ín sí. Owó ńlá ni èyí ń ná ènìyàn. Àwọn kan ń ráhùn pé owó tí wọ́n ń ná sórí òkú ì bá ti wo alààyè sàn, àròyé náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí ìhà kejì: ọmọ tí ibojì baba rẹ̀ wà ní abúlé kan kò lè sọ pé òun kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Àwọn tó ti agbègbè Atakpamé lọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn nìkan. Àwọn tó wá síbẹ̀ náà ní ilé tí ọkàn wọn ń fà sí. Láti àwọn ọdún 1920 ni ìjọba Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Kabiyè àti àwọn Losso kúrò ní ilẹ̀ olókùúta wọn ní àríwá, wá sí ilẹ̀ tó gbòòrò láàárín Sokodé àti Atakpamé. Ilẹ̀ kò tó wọn mọ́ lókè, ìjọba sì nílò àwọn tí yóò ṣe ọ̀nà àti rélùwéè, tí yóò sì gbin òwú. Wọ́n fi ipá mú àwọn tó kọ́kọ́ wá. Nígbà tó ṣe, àwọn mìíràn ń wá fúnra wọn nítorí ilẹ̀ tó lẹ́tù lójú.

Charles Piot, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé láàárín àwọn Kabiyè, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Remotely Global, jáde ní ọdún 1999. Ohun tó rí ni pé àwọn tó wà ní gúúsù kò já okùn àárín wọn pẹ̀lú àríwá. Oṣù keje lọ́dọọdún ni ìjàkadì Evala máa ń wáyé ní Kozah, ní ilẹ̀ Kabiyè ní àríwá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń fi hàn pé àwọn ti dàgbà. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀dọ́ kan fi ń jà á. Ọmọ Kabiyè tí wọ́n bí sí ẹ̀bá Atakpamé, tí kò gbé òkè rí, a máa lọ sílé baba rẹ̀ ní àríwá láti lọ jà. Bí kò bá lọ, àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ kò ní kà á sí ọkùnrin tó pé. Àṣà ń béèrè pé kí ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀. Owó tí ó bá fi ránṣẹ́ kò lè jà fún un.

Ìfẹ́ ilé tún ní ìhà kan tó korò, kò sì yẹ kí a fò ó. Láàárín ọdún 1991 sí 1993, nígbà tí ìṣèlú Tógò dàrú, ọ̀pọ̀ ìdílé Kabiyè àti Losso tó ń gbé ní ẹkùn Plateaux ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí. Wọ́n sá lọ sí àríwá, sí ibi tí wọ́n ń pè ní ilé wọn, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò sì gbé rí. Ní àkókò kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn sá kúrò ní Lomé àti gúúsù lọ sí Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. Bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn orísun rẹ̀ kò yẹ kó di ohun tí wọn yóò fi lé e kúrò níbi tó ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Ẹni tó bá ti gbin igi sí ilẹ̀ kan, tó bímọ síbẹ̀, tó sì sin ẹni rẹ̀ síbẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti pe ibẹ̀ náà ní ilé, yálà ó ń lọ sí Evala tàbí kò lọ.

Àwọn mìíràn wà tí kò sí ẹni tó lé wọn, síbẹ̀ tí wọn kò lè padà sílé mọ́. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Atakpamé, wọ́n dí odò Mono ní Nangbéto láti fi mú iná mànàmáná jáde fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ náà parí. Adágún tó ti ibẹ̀ yọ bo ọ̀pọ̀ abúlé àti oko, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí ibi tuntun. Ibi tuntun náà kò jìnnà púpọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé fún wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà létí odò, tí omi ń bù sí lọ́dọọdún, kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkè tó tètè ń gbó. Ẹni tó wà ní Lomé mọ̀ pé abúlé òun wà níbẹ̀, ó sì lè lọ lọ́la. Ẹni Nangbéto mọ ibi tí abúlé rẹ̀ wà, ó tilẹ̀ lè dúró létí omi kó nawọ́ sí i, àmọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá ń ṣírò iye tó yẹ láti san fún ilé àti igi eléso, ohun yìí kì í sí nínú ìṣirò.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ agbègbè tí èdè Yorùbá gbilẹ̀ sí ní àárín Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ẹ̀bá Bantè ni, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ààlà Tógò. Ogun Dàhọ̀mì, irú èyí tó kọlu Atakpamé, ló kó o. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn láti Ouidah lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbèrò ni bí wọn yóò ṣe wọkọ̀ padà sílé. Owó wọn kò tó. Wọ́n wá ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kékeré kan dó tó di Africatown, wọ́n yan olórí fún ara wọn, wọ́n sì ń fi èdè ilé bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlú náà wà títí di òní.

Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ bá Kossola ní ọdún 1927, nígbà tó ti di arúgbó. Ìwé tó kọ láti inú ọ̀rọ̀ wọn, Barracoon, kò jáde títí di 2018. Nínú rẹ̀, Hurston sọ pé nígbà tí òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, bàbá náà wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jùlọ, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ó dà bíi pé Áfíríkà ni òun wà nínú àwòrán náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti kúrò nílé. Ó kú ní 1935 láì padà dé ibẹ̀. Ìfẹ́ ilé tí kò rí ọ̀nà gbà padà kò kú. Ìlú mìíràn ló fi kọ́.

Lónìí, ọ̀nà ṣí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ohùn sì yá ju ẹsẹ̀. Kamina, nítòsí Atakpamé, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò alágbára sí kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ tààrà. Kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé má bàa tẹ̀ ẹ́, àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní òru tó mú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1914 mọ́. Ohun tí ìjọba ńlá fi òpó gíga àti ẹ̀rọ olówó iyebíye wá nígbà náà, ìyá àgbẹ̀ kan ní abúlé Kamina ń fi tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣe é báyìí. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Libreville, ó ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Paris lórí WhatsApp. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù tẹ́lẹ̀ ti ń pàdé lójoojúmọ́ lórí tẹlifóònù. Ìròyìn ikú, ìgbéyàwó àti owó ìdáwó ń dé láàárín ìṣẹ́jú.

Tẹlifóònù náà ló sì jẹ́ kí ìṣòro tó kù hàn sí gbangba, ìyẹn ìṣòro èdè. Ìyá àgbà ń sọ Ifẹ̀, ọmọ-ọmọ kò gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lomé ń sọ Faransé nílé ìwé, ó ń sọ Ewe tàbí Mina ládùúgbò àti lọ́jà. Nígbà tí Tógò tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 1975, Ewe àti Kabiyè ni wọ́n yàn láti máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Ifẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èdè mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà. Agbo ilé nìkan ló kù tí ọmọ ti lè kọ́ ọ, bí òbí kò bá sì sọ ọ́ níbẹ̀, kò sí ibòmíràn. Ọmọ náà lè máa bá wọn lọ ṣọdún iṣu lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà ìdílé bá ń dárúkọ àwọn baba ńlá, ariwo ni yóò máa gbọ́. Nínú gbogbo ohun tó so ará àjò mọ́lé, èdè ló ń kọ́kọ́ já, òun ló sì ṣòro jùlọ láti so padà. Ilé tó wó ṣeé tún kọ́. Ọdún tí ènìyàn kò lọ, ó lè lọ lẹ́ẹ̀mìíì. Ọmọ tó ti pé ogún ọdún láìgbọ́ èdè ìdílé rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ púpọ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ kan ti wà nílẹ̀ tí kò yẹ kó ṣòfò. Wọ́n ti ṣètò bí wọ́n ṣe ń kọ èdè Ifẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti gbé ìwé atúmọ̀ rẹ̀ sí Faransé jáde, wọ́n sì ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní èdè náà ní Atakpamé àti ní àwọn abúlé. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn òbí tó wà ní Lomé àti lókè òkun: kí wọ́n máa fi Ifẹ̀ bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé láti kékeré, kí wọ́n má sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú un dé Atakpamé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó lè dáwó ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún iṣu lè yọ díẹ̀ nínú owó náà láti ra ìwé èdè Ifẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó bọ̀ wálé ní oṣù kẹjọ.